Ìpolówó Àìkágò: Òǹkàwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlúpéjú àti Ọgbọ́n Tí Wọ́n Ń Dá sí Ìpolówó Ọjà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná ọjà tàbí tà á rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣàkíyèsí ni pé oògùn ni àgúnmu, oògùn a sì máa ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ gbígbóná ń wá ìlera. Ẹni tí ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń wá ìjàǹbá. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpolówó kúrò lẹ́nu olùtà tí ó sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí tí ó fi ń ni òǹkàwé lára, àti ọgbọ́n tí òǹkàwé ń dá sí i.

Ìlúpéjú ni iṣẹ́ yìí mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìlúpéjú wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ilé-iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ni agbègbè yìí wà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ nípa ìpéjọ. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Academy Press, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni PZ, tí ó ń ṣe ọṣẹ, ti ní ọ́fíìsì fún ọjọ́ pípẹ́. Lọ́rọ̀ kan, àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe ọjà, tí wọ́n sì ti ń tẹ ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà ni. Bí ọ̀rọ̀ ìpolówó bá ń dun ènìyàn ní irú ibẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò mọ iyì rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé tọ̀ wọ́n wá ni kò dára.

Ìlànà Ìpolówó Láàárín Àwọn Yorùbá

Ìpolówó ọjà ní àyè tirẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Àwítúnwí wà nínú rẹ̀, àfiwé wà nínú rẹ̀, àsọdùn kò sì gbẹ́yìn. Olóhùn iyọ̀ a máa fi orin dá ẹni tí kò ní ín lọ́kàn láti rajà dúró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹwà èdè yìí, ìlànà mẹ́rin kan wà tí ó ń darí ìpolówó, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ wọ́n sílẹ̀.

Èkíní ni àkókò. Ẹlẹ́kọ a máa kiri ní àárọ̀ nígbà tí ebi ń pa ènìyàn; kì í kiri ní ọ̀gànjọ́ òru. Èkejì ni ààlà. Òde ni ohùn olùtà ti ń dún. Bí ó bá fẹ́ wọ àgbàlá, yóò kágò, yóò sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé "Àgò yà!" Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Ẹni tí kò fẹ́ rà lè dákẹ́, ó sì lè sọ pé ó di ìgbà mìíràn. Olùtà yóò kọjá lọ, ẹni náà yóò sì kí i pé ajé á wọ igbá. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni ìnáwó. Ẹsẹ̀ olùtà ni ó ń rìn, ọ̀fun olùtà ni ó ń gbẹ. Kò sí oníbàárà kan tí ó ń sanwó kí wọ́n tó polówó fún un.

Kò túmọ̀ sí pé ìpolówó ayé àtijọ́ kò yọ ènìyàn lẹ́nu rí. Àwọn tí ó wọ mólùè ní Òṣòdì nígbà tí ọkọ̀ yìí ṣì gbòde ní Èkó mọ olóògùn tí ń dìde dúró láàárín ọkọ̀, tí ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí àti ti aràn láti ibùdókọ̀ kan dé òmíràn. Èrò inú ọkọ̀ kò lè sá. Ìgbèkùn ni wọ́n wà. Àwọn kan a díbọ́n bí ẹni tí ó ń sùn, àwọn kan a kọjú sí fèrèsé, àwọn mìíràn a ní kí ó panu mọ́. Síbẹ̀, olóògùn náà a kọ́kọ́ kí èrò, a gbàdúrà ìrìn-àjò fún wọn, ojú a sì ń ko ojú. Bí ara bá ti ń kan èrò, òun náà yóò rí i, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jókòó.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n mú ìyípadà wá. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ìpolówó rí ọ̀nà wọ inú yàrá ènìyàn láìjẹ́ pé olùtà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpolówó tẹlifíṣọ̀n ní àkókò tirẹ̀ láàárín ètò kan sí èkejì, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn sì ń wò. Ti inú ìwé ìròyìn a tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sí ojú kan, kì í sáré tẹ̀lé ojú òǹkàwé.

Bí Ìpolówó Ṣe Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 1994, ìkànnì HotWired ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpolówó kékeré onígun mẹ́rin sórí ojú-ewé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T. Ìgbà yẹn, ìpolówó ṣì dà bí ti inú ìwé ìròyìn: ó wà lókè ojú-ewé, ẹni tí ó bá wù a tẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò bá wù a kọjá.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ọ̀rúndún ogún, Ethan Zuckerman, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ Tripod, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ń ṣí fèrèsé tuntun fún ìpolówó láìjẹ́ pé òǹkàwé béèrè. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ni ó ti bínú pé ìpolówó òun wà lórí ojú-ewé tí ó ní ohun ìṣekúṣe nínú. Zuckerman rò pé bí ìpolówó bá wà nínú fèrèsé tirẹ̀, kò ní í dà bí ẹni pé ó bá ojú-ewé náà tan. Ní ọdún 2014, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráyé. Ẹ̀rí ńlá ni èyí pé ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn náà pàápàá mọ̀ pé kò yẹ kí ó ṣí fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe bíráwúsà, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì, dìde láti ti ilẹ̀kùn náà. Opera bẹ̀rẹ̀ sí í dí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2000; Firefox àti Internet Explorer ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni olùpolówó ń gba ojú fèrèsé. Ìpolówó wá wọ inú ojú-ewé gan-an. Òmíràn a bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí òǹkàwé yóò fi wá àmì kékeré tí wọ́n fi ń pa á dé. Òmíràn jẹ́ fídíò tí ń pariwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Òmíràn a ya àwòrán bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba fáìlì sílẹ̀, kí ó lè tan òǹkàwé jẹ. Àwọn mìíràn a bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ láti máa fi ìkéde ránṣẹ́, bí òǹkàwé bá sì gbà láìmọ̀, ìpolówó yóò máa jáde lójú fóònù rẹ̀ kódà nígbà tí kò ka ohunkóhun.

Ìdí Tí Ó Fi Ń Ni Òǹkàwé Ìlúpéjú Lára

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà wá, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ tí ó jáde ní ṣíìfù alẹ́ tí ó ń ka ìròyìn nínú dánfó, ojú fóònù kékeré ni ó ń wò. Ìpolówó tí ó gba ìdá mẹ́rin ojú kọ̀ǹpútà lè bo ojú fóònù pátápátá.

Ìṣòro tí ó ga ju èyí lọ ni ti owó. Dátà ni òṣìṣẹ́ náà ń rà, iye MB tí ó bá lò ni wọ́n sì ń yọ. Ìròyìn tí ó ní 600 ọ̀rọ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, KB díẹ̀ ni yóò gbà. Fídíò ìpolówó oníṣẹ́jú-àáyá 15 lè gba tó MB 1. Bí ẹni kan bá ra MB 100, tí ìpolówó sì ń jẹ MB 2 lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ojú-ewé 50 péré ni yóò ṣí tí ìpolówó nìkan yóò fi jẹ dátà náà tán. Níhìn-ín ni ìlànà kẹrin ti wó pátápátá: oníbàárà ni ó ń san owó ẹsẹ̀ tí olùtà fi ń kiri.

Ìṣòro kẹta ni ti ìṣọ́ni. Ẹni tí ó wá iye owó bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá yóò rí bàtà lórí ìkànnì ìròyìn lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ àfọ̀ṣẹ. Ìkànnì a máa fi fáìlì kékeré kan sínú bíráwúsà, àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó a sì máa fi í dá ẹni náà mọ̀ láti ìkànnì kan dé èkejì. Olóògùn inú mólùè kò mọ ohun tí èrò ní nínú àpò. Ìpolówó òde òní ti yẹ àpò wò kí ó tó la ẹnu.

Kì í sì í ṣe orí ìkànnì nìkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó di ìyọnu ní Nàìjíríà débi pé ènìyàn lè sáré dìde lójú oorun, kí ó rò pé ará ilé ni ó ń wá òun, kí ó sì bá ìpolówó tẹ́tẹ́ tàbí ti orin ìpè. Ẹni tí ó bá fèsì láìmọ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ètò tí wọ́n á máa torí rẹ̀ yọ owó fóònù rẹ̀.

Ọgbọ́n Tí Òǹkàwé Ń Dá

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ kò gba ẹ̀rọ kankan: ojú a kọ́ láti má ṣe rí. Òǹkàwé tí ó ti pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ibi tí ìpolówó máa ń wà, ojú rẹ̀ a sì fò ó bí èrò mólùè ṣe ń kọjú sí fèrèsé. Àléébù ọgbọ́n yìí ni pé dátà ṣì ń lọ.

Èkejì ni yíyan bíráwúsà tí kì í jẹ dátà. Opera Mini, tí ó di ti gbogbo ayé ní oṣù kìíní ọdún 2006, gbajúmọ̀ gidigidi ní Nàìjíríà nítorí pé ó ń fún ojú-ewé pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Òǹkàwé tún lè pa àwòrán, kí ó máa ka ọ̀rọ̀ nìkan. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Opera fi ohun èlò tí ń dí ìpolówó sínú àwọn bíráwúsà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àfikún tí wọ́n ṣe fún dídí ìpolówó nìkan. Henrik Aasted Sørensen, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, ni ó kọ Adblock ní ọdún 2002, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wladimir Palant gbé Adblock Plus jáde ní ọdún 2006. Iṣẹ́ wọn rọrùn láti ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ìròyìn àti ìpolówó kì í sábà ti ibì kan náà wá. Bíráwúsà ni ó ń ránṣẹ́ lọ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àfikún yìí ní àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì àwọn tí ń pín ìpolówó. Bí bíráwúsà bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn, yóò dá a dúró. Nítorí náà, ìpolówó kò wọlé rárá, kò sì jẹ dátà. Lórí fóònù Android, Firefox gba irú àfikún bẹ́ẹ̀, bí àpẹẹrẹ uBlock Origin.

Ẹ̀kẹrin ni ti àtẹ̀jíṣẹ́. Ní ọdún 2016, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù lo nọ́ńbà kan ṣoṣo, 2442, fún àwọn tí kò fẹ́ ìpolówó. Ẹni tí ó bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 ti ti ilẹ̀kùn pátápátá. Ẹni tí ó bá kọ HELP yóò rí àkójọ, yóò sì lè yan irú èyí tí ó fẹ́, bóyá ti ìlera, ti ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹ̀sìn. Àjọ náà sọ ọdún 2017 di ọdún àwọn oníbàárà fóònù, ó sì polongo nọ́ńbà yìí pẹ̀lú 622, tí wọ́n ń pè láti fẹjọ́ sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí 2442 ṣe ni pé ó dá ìlànà kẹta padà: onílé tún lè sọ pé òun kò rà.

Ṣé Kí Ìpolówó Kú Ni?

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ibi tí a bá a dé yìí, ìmọ̀ràn ì bá rọrùn: kí gbogbo ènìyàn dí gbogbo ìpolówó. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣẹ́tẹ̀ẹ́, ti òǹkàwé náà kò sì yàtọ̀. Púpọ̀ nínú ìròyìn tí òǹkàwé Ìlúpéjú ń kà lórí fóònù, kò san kọ́bọ̀ fún akọ̀ròyìn. Ìpolówó ni ó ń san owó oṣù. Ìkànnì tí ń kọ ìròyìn ní èdè Yorùbá, tí òǹkàwé rẹ̀ kò tó ti Gẹ̀ẹ́sì, ni ebi yóò kọ́kọ́ pa bí owó yìí bá gbẹ. Ẹni tí ó ń dáàbò bo dátà rẹ̀ lè máa pa ìwé ìròyìn èdè rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti wá ìwọ̀n. Ní ọdún 2011, Adblock Plus bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ìpolówó tí kò pariwo, tí kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kọjá. Inú bí àwọn kan, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń sanwó kí ìpolówó wọn lè wà lára èyí tí ó ń kọjá. Wọ́n ní oníbodè ti di agbowó-ibodè. Ní ọdún 2016, àwọn olùpolówó àti onímọ̀ ẹ̀rọ dá ẹgbẹ́ Coalition for Better Ads sílẹ̀. Wọ́n ka irú àwọn ìpolówó tí ó ń bí ènìyàn nínú jù, fídíò alárìíwo àti èyí tí ń bo ojú-ewé sì wà nínú rẹ̀. Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìpolówó lórí ìkànnì tí ó bá rú òfin yìí ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 2018, ó sì mú un dé gbogbo àgbáyé ní oṣù keje ọdún 2019. Àtúnṣe ni, ṣùgbọ́n Google, tí ó ni Chrome, ni ó tún ń ta ìpolówó jù. Kò rọrùn kí ènìyàn kan náà jẹ́ olùtà, kí ó sì jẹ́ alágbàwí onílé.

Ọwọ́ Òfin

Ìdí nìyí tí òfin fi ní iṣẹ́ láti ṣe. Òfin ọdún 1988 ni ó dá àjọ APCON sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2022 fi ARCON rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ARCON pe Meta, tí ó ni Facebook, lẹ́jọ́ lórí ìpolówó tí wọ́n gbé jáde láìjẹ́ pé àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì béèrè owó ìtanràn bílíọ̀nù 30 náírà. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ẹni. Òfin yìí fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa lo àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ láti polówó ọjà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ènìyàn kò lè kà kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ọ̀pọ̀ ìkànnì a máa béèrè àṣẹ lónìí kí wọ́n tó máa ṣọ́ òǹkàwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè, ó gùn, bọ́tìnì tí ó ní "mo gbà" a sì máa tàn yòò ju èyí tí ó ní "mo kọ̀" lọ. Ọ̀rọ̀ STOP àti HELP pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyá tí ó ń ta oúnjẹ níwájú ilé-iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, tí ó mọ Yorùbá kà dáadáa, lè ní fóònù tí ó gbówó lórí, kí ó má sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà tí òun lè tì. Àgò tí wọ́n fi èdè tí onílé kò gbọ́ ké, wọn kò tíì kágò.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìpolówó fúnra rẹ̀ kọ́ ni òǹkàwé ń bá jà. Ìlànà mẹ́rin tí àwọn Yorùbá fi ń polówó ni orí íntánẹ́ẹ̀tì tì sẹ́yìn: àkókò, ààlà, ìdáhùn àti ìnáwó. Gbogbo ọgbọ́n tí òǹkàwé ń dá, láti orí ojú tí kò rí títí dé 2442, ìgbìyànjú láti dá wọn padà ni. Olùpolówó tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ ara rẹ̀ wò: kí ó má ṣe dé lásìkò tí kò yẹ, kí ó má ṣe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó gbà nígbà tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ, kí ó sì dín ìnira tí ó ń kó bá dátà oníbàárà kù. Òǹkàwé náà, bí ó bá ti dí àwọn aláìkágò, lè ṣílẹ̀kùn fún ìkànnì tí ó ń hùwà ọmọlúàbí, pàápàá èyí tí ń kọ Yorùbá.

Iṣẹ́ kù fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹwà èdè inú ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn ní ìlànà rẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀ tí ó wà lórí fóònù sí Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà yóò kà tí yóò yé e. Nígbà náà ni yóò lè dáhùn pé "Àgò yà", tàbí kí ó ní ó di ìgbà mìíràn.